Inú Kẹ́ẹ̀gì Ni Kí Ìjọba Ìbílẹ̀ Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Nígbàkúùgbà tí àrùn onígbáméjì bá yọjú ní orílẹ̀-èdè yìí, ìkéde kan náà ni à ń gbọ́ lórí rédíò: ẹ se omi kí ẹ tó mu ún, ẹ fi kilorín sí i, ẹ fọ ọwọ́ yín. Ìkéde náà dára. Ní 2021 nìkan, àwọn tí a fura sí pé àrùn náà mú ní Nàìjíríà lé ní 100,000, àwọn tó bá a lọ sì lé ní 3,500. Ṣùgbọ́n ìkéde náà kì í mẹ́nu ba ohun tí a ń pọn omi sí.

Ẹ̀yin ará Òmù-Àrán àti Èsìẹ́, ẹ ti ìka bọ ẹnu kẹ́ẹ̀gì tó ti ń gba omi láti ọjọ́ pípẹ́, kí ẹ sì fi ra ara rẹ̀ nínú. Ẹ óò rí i pé ó ń yọ̀ bí omi ilá. Ilé ni yíyọ̀ náà, bakitéríà ló kọ́ ọ.

Bí wọ́n ti ń kọ́ ọ rèé. Bakitéríà kan á lúwẹ̀ẹ́ dé ara ògiri kẹ́ẹ̀gì, á kọ́kọ́ fara tì í díẹ̀, bí ẹni tó ṣì lè dìde lọ. Bí ibẹ̀ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, èròjà kan nínú ara rẹ̀ á pọ̀ sí i, èyí tí í ṣe àṣẹ fún un pé kí ó dẹ́kun ìlúwẹ̀ẹ́, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ oje tó kún fún irú ṣúgà kan àti purotéènì. Oje yìí ni bíríkì, òun náà ni sìmẹ́ńtì. Àwọn mìíràn á wá dara pọ̀ mọ́ ọn, ilé á ga, wọn á sì fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ láàárín rẹ̀ kí omi lè gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n tún ń ké sí ara wọn. Èròjà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tú sínú omi ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá àwọn ti pọ̀ tó. Láti 1970 ni àwọn onímọ̀ ti ṣàlàyé irú ìpè bẹ́ẹ̀, lára bakitéríà inú òkun kan tí kì í tanná àfi bí wọ́n bá pọ̀. Ti bakitéríà onígbáméjì tilẹ̀ ya ni lẹ́nu: bí wọn kò bá tíì pọ̀ ni wọ́n ń kọ́lé, bí wọ́n bá ti pọ̀ jù, wọn á dáwọ́ ilé kíkọ́ dúró, wọn á sì tú ká lọ wá ibòmíràn.

Kí wá ni kilorín lè ṣe sí irú ilé bẹ́ẹ̀? Ó ń pa àwọn tó wà nínú omi gbangba, ṣùgbọ́n oje yẹn ń gba agbára rẹ̀ kí ó tó wọlé dé ọ̀dọ̀ àwọn ará inú. Bí a bá tún pọn omi mìíràn sí i, àwọn tó yè á tún bọ́ sínú rẹ̀. Àwa tí à ń fi pákò rin eyín ní òwúrọ̀ ló yẹ kí èyí tètè yé, torí irú ilé kan náà ni à ń họ kúrò lára eyín. Leeuwenhoek, ará Netherlands, rí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lára eyín ara rẹ̀ ní 1683. Ta ni í fi omi yọ ẹnu lásán kí ó sọ pé òun ti rin eyín?

Àmù ìyá wa lẹ́nu fífẹ̀. Ọwọ́ àti kànìnkànìn a máa dé ìdí rẹ̀. Àwọn elétò ìlera fẹ́ràn ẹnu tóóró kẹ́ẹ̀gì, torí ọwọ́ ẹlẹ́gbin kò lè kì bọ̀ ọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n kànìnkànìn náà kò lè wọ̀ ọ́. Èrò tèmi ni pé ike ẹlẹ́nu fífẹ̀ tó ní ìdérí àti ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀ ló sàn jù. Ẹni tí kò bá lágbára rẹ̀, kí ó da iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti omi ọṣẹ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ó mì ín dáadáa, kí ó ṣàn án mọ́, lẹ́yìn náà ni kí kilorín tó tẹ̀ lé e.

Ìmọ̀ràn tí kò náni lówó kì í ṣe ìmọ̀ràn yẹpẹrẹ. Ní Bangladesh, Rita Colwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn obìnrin abúlé láti máa fi ògbólógbòó aṣọ sárì tí a ṣẹ́ po sẹ́ omi odò. Àwọn ẹran omi kéékèèké tí bakitéríà onígbáméjì lẹ̀ mọ́ ló ń há sínú aṣọ náà. Ní 2003 wọ́n ròyìn pé àrùn náà dín kù ní ìdá 48 nínú 100.

Àwọn wolé-wolé ayé àtijọ́ a máa yọjú sínú àmù wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ń bẹ̀rù wọn. Kí Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn dá irú wọn padà sí àdúgbò, kí wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ gígùn dání dípò ìwé owó ìtanràn. Yunifásítì Landmark wà ní Òmù-Àrán níhìn-ín, wọ́n sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí níbẹ̀. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn yẹ inú kẹ́ẹ̀gì àwọn tó ń ta oúnjẹ wò, kí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n bá rí han àwọn tó ni ín, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.