Ààyè Tí Ó Ṣófo ní Sáàfù Iwájú

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ni í fẹ̀yìntì nígbà tí wọ́n bá pé ẹni 60 ọdún, tàbí tí wọ́n bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ènìyàn a máa rò pé láti ọjọ́ náà lọ, àgbàlagbà kò ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ mọ́. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí ń bẹ lọ́wọ́ bàbá tí ó ti fẹ̀yìntì, kí ó tẹ̀ lé e láti ìdájí.

Kí ládàánì tó parí ìpè Àsùbáà ni bàbá ti ṣe àlùwàlá. Ó ní ààyè tirẹ̀ ní sáàfù iwájú, kò sì sí ẹni tí ń bá a dù ú. Lẹ́yìn ìrun, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a jókòó títí oòrùn yóò fi yọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ nípa ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ẹni tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tí ì wọlé, àti ẹni tí wọ́n fẹ́ so yìgì ọmọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, tọkọtaya tí ó ń jà a wá sọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìlàjà. Bí ó bá di ọjọ́ Àìkú, ó di àsàlátù. Ẹnikẹ́ni kì í san owó oṣù fún un lórí nǹkan wọ̀nyí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n, àwọn ni wọ́n sì ń fi yé e pé òun ṣì wúlò.

Ní ọdún 2020, gbogbo rẹ̀ dúró lójijì. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ni wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn kòrónà ní Nàìjíríà. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ààwẹ̀ Ràmàdáànì dé ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin, àwọn mọ́sáláṣí sì wà ní títì, kò sí ìrun àṣámù pẹ̀lú jámọ́ọ̀. Bàbá wá ku òun àti rédíò rẹ̀. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń ka iye àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, tí wọ́n sì ń tẹnu mọ́ ọn pé àwọn àgbàlagbà, pàápàá àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ súgà, ni ó léwu fún jù lọ. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń kí i láti ojú fèrèsé. Wáàsí ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n fóònù bàbá kò mọ̀ ju ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ lọ.

Òfin ìsémọ́lé yẹn kò lòdì sí ẹ̀sìn. Ànọ́bì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti kọ́ àwọn Mùsùlùmí pé kí wọ́n má ṣe wọ ìlú tí àjàkálẹ̀ àrùn bá ti wọ̀, kí ẹni tí ó bá sì wà níbẹ̀ má ṣe sá jáde. Nígbà tí Umar ọmọ Khattab dé Sargh ní ọ̀nà Ṣáámù, tí ó gbọ́ pé àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó darí àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sí Mẹ̀dínà. Ẹni tí ó bá ń ṣọ́ra kò bá kádàrá jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dun àgbà ni ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ, ọdún 2020, wọ́n ṣí mọ́sáláṣí ní Èkó, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ìjọba ni pé kí àwọn tí ó ti pé ẹni 65 ọdún ṣì jókòó sílé. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Hájì rí. Ní 2020 àti 2021, kò sí àyè fún àwọn tí ń ti òkè òkun bọ̀. Nígbà tí ọ̀nà là ní 2022, àwọn tí kò tí ì pé ẹni 65 ọdún nìkan ni ìjọba Saudi gbà. Bàbá tí ó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ san owó Hájì ní 2020, nígbà tí ó jẹ́ ẹni 64 ọdún, ti di ẹni 66 kí ọ̀nà tó là. Ìgbà tí ó di 2023 ni wọ́n mú ààlà ọjọ́ orí náà kúrò.

Ìdáàbòbò ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ìdáàbòbò tí kò ní ìbẹ̀wò nínú, ìpatì ni í dà. Bí wọ́n bá ní kí àgbà má wá sí jámọ́ọ̀, ó di dandan kí jámọ́ọ̀ tọ̀ ọ́ lọ: kí ọ̀dọ́ kan bá a ra oògùn, kí ó bá a tò sórí ìlà ní báńkì, kí ó fi ìbomú bo imú, kí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó sálámà, kí ó sì sọ ohun tí lẹ́mọ́mù wí ní Jímọ̀ fún un. Àwọn ọ̀dọ́ kan ṣe bẹ́ẹ̀, Ọlọ́hun yóò san án fún wọn. Ọ̀pọ̀ ni kò tilẹ̀ fura. Nítorí pé wọ́n pàṣẹ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan jìnnà sí ẹnìkejì rẹ̀, àlàfo pọ̀ nínú sáàfù, kò sì hàn mọ́ èyí tí ó jẹ́ ti ẹni tí kò wá.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòrónà kì í ṣe ọ̀ràn pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Sáàfù ti fara kanra padà. Ṣùgbọ́n àgbà tí ó jókòó sílé fún ìgbà pípẹ́, orúnkún rẹ̀ lè ti le, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn sì ti lọ. Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ́sáláṣí kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn tí ó ti fẹ̀yìntì ní àdúgbò wọn sílẹ̀, kí ọ̀dọ́ kan máa mójú tó àgbà méjì. Kí wọ́n mọ ọjọ́ tí oògùn wọn ń tán. Kí wọ́n sì tún máa gbé ẹjọ́ àti ìbéèrè tọ̀ wọ́n lọ, nítorí oúnjẹ nìkan kọ́ ni ebi rẹ̀ ń pa àgbà.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Al-Kùránì, nínú Súrà Al-Isrá, ẹsẹ 23, kọ̀ fún ọmọ láti sọ ọ̀rọ̀ ìkanra kékeré pàápàá sí òbí tí ó ti darúgbó. Bí ọ̀rọ̀ kékeré bá jẹ́ èèwọ̀, kí ni a ó ti pe ìgbàgbé?

Kí Ọlọ́hun forí jin àwọn àgbà tí àrùn náà mú lọ. Kí Ó sì jẹ́ kí ọ̀dọ́ tí ó bá kan ilẹ̀kùn àgbà lónìí rí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn tirẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Àmín.