Ẹ ṣọ́ra fún ìkìlọ̀ tó bá ní kẹ́ ẹ fi òun ránṣẹ́ sí gbogbo ayé o!

Ká ní ìyá aláṣọ kan jókòó sí ìsọ̀ ẹ̀ lọ́jà Akẹ̀sán, nílùú Ọ̀yọ́, tó ń ká aṣọ tí oníbàárà tú sílẹ̀ tí kò rà. Fóònù ẹ̀ dún. Àbúrò ẹ̀ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tètè ka èyí o! Fídíò kan ń bọ̀ lórí WhatsApp. Ẹ má ṣí i o! Tẹ́ ẹ bá ṣí i pẹ́nrẹ́n, gbogbo ohun tó wà lórí fóònù yín ló máa pa rẹ́, kò sì sóhun tó lè tún un ṣe. Àwọn òyìnbó ti kéde ẹ̀ lórí rédíò láàárọ̀ yìí. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tẹ́ ẹ mọ̀!”

Kí ni ìyá aláṣọ máa ṣe? Á fi ránṣẹ́ ni. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ lọ́jà á gbà á, àwọn ará ìjọ á gbà á, àwọn ọmọ ẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn náà á gbà á. Mọ́tò tó ń pe èrò Ògbómọ̀ṣọ́ ò ní í tí ì kún tí ìkìlọ̀ ọ̀hún á fi padà dé ọ̀dọ̀ àbúrò tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, láti ọwọ́ ẹlòmíì. Ìgbà yẹn lòun náà á wá gbà pé òótọ́ pọ́nńbélé ni. Kò mọ̀ pé tòun ló ń padà bọ̀.

Fídíò ọ̀hún ńkọ́? Kò sí i. Irú ẹ̀ kan tí wọ́n pè ní “Martinelli” ti wà nílẹ̀ láti 2017, àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Sípéènì sì ti jáde lọ́dún yẹn pé irọ́ ni. Síbẹ̀, wọn ò yé jí i dìde.

Kí WhatsApp tó dé lọ̀rọ̀ yìí ti wà. Lọ́dún 1994, íméèlì kan gba Amẹ́ríkà kan, wọ́n ní ẹni tó bá ka lẹ́tà tí wọ́n kọ “Good Times” sí lórí, kọ̀ǹpútà ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n ní FCC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ rédíò àti tẹlifóònù níbẹ̀, ló ṣèkìlọ̀. FCC ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Kí ọdún yẹn tó parí làwọn onímọ̀ ti sọ pé kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀, àmọ́ ìkìlọ̀ náà ṣì rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣẹ́ ẹ rí i, ìkìlọ̀ yẹn gan-an ni fáírọ́ọ̀sì: ọwọ́ èèyàn ló fi ń rìn.

Ti 2002 pani lẹ́rìn-ín, ó tún dunni. Íméèlì ọ̀hún ní kéèyàn wá fáìlì kan tó ń jẹ́ jdbgmgr.exe lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀, tó ní àwòrán béárì kékeré bíi tàwọn ọmọdé. Ó ní tó bá ti rí i, fáírọ́ọ̀sì ni, kó pa á rẹ́. Gbogbo ẹni tó wò ó ló sì rí i! Kí ló dé tí wọn ò ní í rí i? Àwọn tó ṣe Windows ló fi í síbẹ̀ fúnra wọn. Báwọn èèyàn ṣe ń fọwọ́ ara wọn yọ nǹkan kúrò nínú kọ̀ǹpútà wọn nìyẹn, tí wọ́n tún ń kí ẹni tó ránṣẹ́ sí wọn pé ó ṣeun.

Ní Nàìjíríà níbí, ní 2004, wọ́n ní ẹni tó bá gbé ìpè láti àwọn nọ́ńbà kan máa kú. Àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù pariwo títí pé kò lè ṣẹlẹ̀. Ní 2011, irọ́ náà tún dìde, NCC ló tún jáde sọ̀rọ̀. Àmọ́ ti oṣù Kẹjọ 2014 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá. Ìgbà Ẹ̀bólà ni. Wọ́n ń pe ara wọn lóru pé kí wọ́n fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún, kílẹ̀ tó mọ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde lóṣù yẹn pé ìròyìn ti sọ pé èèyàn méjì kú nídìí omi iyọ̀ yìí. Ẹni tó pè wọ́n lóru, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn wọn jù ni.

Báwo lèèyàn ṣe máa dá a mọ̀? Ẹ wo ìparí ẹ̀ ná. Tó bá ti ní kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé, ìfura ti dé. Iléeṣẹ́ tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà kì í bẹ ìyá aláṣọ pé kó bá òun pín ìwé. Ẹ tún wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀. “Láàárọ̀ yìí” ni wọ́n máa ń kọ, “láàárọ̀ yìí” náà ló sì máa jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n á dárúkọ rédíò tàbí iléeṣẹ́ ńlá, wọn ò ní í sọ ibi téèyàn ti lè lọ wò ó. Wọ́n á ní kò sí oògùn ẹ̀.

Kì í ṣe pé gbogbo ẹ̀ nirọ́ o. ILOVEYOU tó jà ní oṣù Karùn-ún 2000, fáírọ́ọ̀sì gidi ni, káàkiri ayé ló sì ti ba nǹkan jẹ́. Àmọ́ fáìlì tí wọ́n so mọ́ íméèlì ẹ̀ làwọn èèyàn tẹ̀ kó tó ṣọṣẹ́. Ọ̀rọ̀ lásán téèyàn kà kọ́ ló ń jẹ fóònù, fáìlì àti líǹkì àjèjì téèyàn tẹ̀ ni.

Tó bá dé ọwọ́ yín, ẹ mú gbólóhùn kan níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá a lórí Google. Tẹ́ ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àwọn ọmọ LAUTECH kún Under G, ẹ bi ọ̀kan nínú wọn.

Ẹni tó ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń le, torí ojú máa ń tini. Kí ìyá aláṣọ padà sáàárín àwọn tó fi ránṣẹ́ sí, kó kọ ọ́ pé: “Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí mo fi ránṣẹ́ láàárọ̀, mo ti wádìí ẹ̀, kì í ṣòótọ́.” Àbúrò tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà, kó má kọ ọ́ sójú gbogbo ẹbí pé irọ́ ni ẹ̀gbọ́n ń pín kiri, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ òun ló ti wá. Kó pè é lórí fóònù, káwọn méjèèjì jọ fi rẹ́rìn-ín.