Kóòdù Wà ní Gbangba, Àlàyé Rẹ̀ Kò Sí

Nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ètò 3MTT kalẹ̀ ní ọdún 2023, láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀kọ́ 12 ni wọ́n kọ́kọ́ tò sínú ìwé. Kíkọ kóòdù wà níbẹ̀, ìtúpalẹ̀ dátà wà níbẹ̀, ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Kódà, eré orí kọ̀ǹpútà rí àyè tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ènìyàn kò rí nínú àtòjọ náà ni ti ẹni tí yóò jókòó, tí yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí ó yé ènìyàn bí ohun tí àwọn yòókù ṣe ń ṣiṣẹ́.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kórìíra iṣẹ́ yìí. Wọn kò kà á sí iṣẹ́ ni. Lójú ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣètò ìlú àti àwọn tí ń ṣètò ẹ̀rọ ní orílẹ̀-èdè yìí, ẹni tí ó kọ kóòdù ni ó ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó kọ ìwé àlàyé kàn wá gbálẹ̀ lẹ́yìn àsè ni. Owó ìlú ni a sì fi ń san gbèsè èrò yìí.

Ó ti pẹ́ tí àwọn tí ó fẹ́ kí Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè ti ń gbè lẹ́yìn àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní open source: àwọn tí kóòdù wọn wà ní ìta, tí ẹnikẹ́ni lè kà, tí ó lè lò láìsan owó ìyọ̀ǹda, tí ó sì lè tún ṣe bí ó bá ṣe wù ú. Òtítọ́ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni. Kóòdù tí kò ní ìwé àlàyé dà bí ilé tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ ṣókùnkùn: olówó nìkan, tí ó lè háyà ẹni tí ó mọ̀nà, ni yóò rí ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí. Richard Stallman, ẹni tí ó dá iṣẹ́ GNU sílẹ̀ ní ọdún 1983, ti ń pariwo láti ọdún pípẹ́ pé àìtó ìwé àlàyé ni àléébù tí ó tóbi jù lọ nínú irú àwọn ètò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àìtó kóòdù. Nígbà tí ilé iṣẹ́ GitHub bi àwọn oníṣẹ́ yìí léèrè ọ̀rọ̀ ní ọdún 2017, ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sọ pé àwọn ti bá ìṣòro ìwé àlàyé tí kò pé tàbí tí ó ti di àtijọ́ pàdé. Síbẹ̀, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ń dá sí iṣẹ́ náà jẹ́wọ́ pé àwọn kì í sábà kọ ọ́, tàbí pé àwọn kì í kọ ọ́ rárá. Gbogbo ayé rí ewúrẹ́ tí ó ń jẹ iṣu. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ dìde lé e.

Ìjọba ìbílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀mí ènìyàn. DHIS2 ni orúkọ ètò tí Nàìjíríà fi ń ka iye aboyún tí ó wá sí ibùdó ìlera, iye ọmọ tí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti iye ẹni tí ibà ń ṣe. Open source ni. Yunifásítì Oslo ní orílẹ̀-èdè Norway ni ó ń darí rẹ̀, ṣùgbọ́n Gúúsù Áfíríkà ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, nínú àtúntò ètò ìlera lẹ́yìn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà dópin ní ọdún 1994. Òṣìṣẹ́ ibùdó ìlera a kọ fọ́ọ̀mù oṣooṣù. Fọ́ọ̀mù a dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó ń mójú tó àkọsílẹ̀ a tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Láti ibẹ̀ ni nọ́ńbà náà ti ń gòkè lọ sí olú ìlú ìpínlẹ̀ àti sí Abuja.

Àwọn ará Oslo ti kọ ìwé àlàyé tiwọn, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé wọn lè sọ ni bí a ṣe ń ṣẹ̀dá fọ́ọ̀mù. Kò lè sọ èwo ni kí òṣìṣẹ́ kọ nọ́ńbà sí bí àpótí méjì nínú fọ́ọ̀mù Nàìjíríà bá jọra. Kò lè sọ ohun tí ẹni tí ó wà ní Gusau tàbí Ogoja yóò ṣe bí ibùdó ìlera méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, tàbí bí iná bá lọ kí ó tó tẹ nọ́ńbà tán. Ọmọ onílé ni yóò kọ ìyẹn.

Ohun tí a fi dípò rẹ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́. A ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ sí hòtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ mẹ́ta, a ó fún wọn ní báàgì àti owó ọkọ̀, a ó ya fọ́tò. Ẹni tí a kọ́ lónìí lè gba ìwé ìṣípòpadà lọ́la, ìmọ̀ náà a sì bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni owó hòtẹ́ẹ̀lì náà ń ti òkèèrè wá. NMRS, ètò tí a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn tí ń gba oògùn HIV ní Nàìjíríà, ni a kọ́ lórí OpenMRS, open source mìíràn tí ó ti wà láti ọdún 2004. Ìrànlọ́wọ́ owó Amẹ́ríkà wà nídìí rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí ìrànlọ́wọ́ sí òkèèrè dúró ná. Bí owó bá ti lè dúró ní ọjọ́ kan ṣoṣo báyìí, ohun tí ọ́fíìsì yóò jí bá ní ọjọ́ kejì ni ohun tí ẹnìkan bá ti kọ sílẹ̀.

Àwọn kan rò pé ẹni tí kò mọ kóòdù kọ ni ó ń sá lọ kọ ìwé àlàyé. Kí wọ́n dán an wò. Akọ̀wé àlàyé gbọ́dọ̀ wá kọ̀ǹpútà tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, kí ó tẹ̀lé ìlànà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ohunkóhun. Ní ìgbésẹ̀ kẹrin, ó rí i pé akọkóòdù gbàgbé láti sọ pé ètò mìíràn ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ṣáájú. Ní ìgbésẹ̀ kẹfà, ìlànà ní kí ó gba fáìlì kan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Fáìlì náà wúwo, dátà tí ó rà tán kí ó tó wọlé tán, kò sì sí ibi tí a ti sọ bí a ṣe lè máa bá a lọ láti ibi tí ó dúró sí. Ó padà tọ akọkóòdù lọ. Akọkóòdù wò ó títí, ó rí i pé kì í ṣe àlàyé nìkan ni ó kù, kóòdù gan-an ni ó ní àbùkù. Ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń ṣàn bí omi ní California kì í tètè rí irú àbùkù bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Nínú iṣẹ́ yìí, kò tilẹ̀ rọrùn láti mọ ẹni tí ó jẹ́ àgbàlagbà nínú àwọn méjèèjì.

Àwọn òyìnbó pàápàá ti fi èyí jìyà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, Mozilla dá nǹkan bí 250 òṣìṣẹ́ dúró, àwọn tí ń kọ MDN sì wà lára wọn. MDN ni ìwé àlàyé tí àwọn tí ń kọ ojú ewé wẹ́ẹ̀bù kárí ayé ń gbára lé. Kò pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà tí Google, Microsoft àti àwọn mìíràn, tí wọ́n ń bá ara wọn du ọjà lójoojúmọ́, fi para pọ̀ dáwó sínú Open Web Docs láti máa sanwó fún akọ̀wé. Ẹni tí ó mọ èrè ohun tí ó pàdánù kì í fi àkókò ṣòfò.

Àwọn ọ̀dọ́ náà ní ẹ̀bi tiwọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà àjọ̀dún Hacktoberfest, tí wọ́n ti ń fún ẹni tí ó bá dá sí iṣẹ́ open source ní ẹ̀wù, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tí kò wúlò kún ojú ewé àkọ́kọ́ iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni. Ó di dandan kí àwọn olùṣètò yí òfin padà kí oṣù náà tó parí. Irú ìwà bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó sọ ìwé àlàyé di ẹ̀sín. Ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ kan ra ẹ̀wù kò tíì kọ àlàyé kankan.

Àwọn mìíràn wá ń sọ báyìí pé ẹ̀rọ AI yóò kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ náà lè ka kóòdù, kí ó sì sọ ohun tí ó ń ṣe. Kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n pinnu pé kí a kọ orúkọ abúlé lọ́nà báyìí. Bí kò bá sì mọ̀, ó lè pa irọ́ tí ó dán.

Ti èdè tún wà níbẹ̀. Ìwé àlàyé Python, tí kò sí ẹni tí ń kọ́ kóòdù tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀, ti wà ní èdè Faransé, Japan, Kòríà àti Tọ́kì, nítorí pé àwọn ọmọ èdè náà jókòó kọ ọ́. Kò sí èdè Nàìjíríà kan láàárín wọn. Hausa, Igbo àti Yorùbá kò kéré sí iṣẹ́ náà. Àwọn tí ó lè ṣe é ni kò rí ẹni tí yóò sanwó fún wọn, tàbí tí yóò tilẹ̀ kà á mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹni tí ó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni èyí, kí ó rántí ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023. Èsì ìdìbò ààrẹ kò gòkè sórí IReV bí INEC ti ṣèlérí. Àjọ náà ní ìṣòro ẹ̀rọ ni. IReV kì í ṣe open source ní tirẹ̀: aráàlú kò lè ka kóòdù rẹ̀, wọn kò sì lè ka bí a ṣe tò ó. Ẹni tí ó fẹ́ gbàgbọ́ gbàgbọ́, ẹni tí kò fẹ́ kò gbàgbọ́, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tí ó lè tọ́ka sí ojú ewé kan pé ibí ni ó ti bàjẹ́.

Àwọn aláṣẹ yóò béèrè pé níbo ni owó yóò ti wá. Níbi tí owó hòtẹ́ẹ̀lì ti ń wá ni. Kò sì pọn dandan kí a dúró de òfin tuntun, nítorí Òfin Ìrajà Ìjọba ti wà láti ọdún 2007. Ìlà kan nínú ìwé àdéhùn ti tó. Kí iléeṣẹ́ ìjọba èyíkéyìí tí ó bá gba ètò kọ̀ǹpútà di ìdá kan nínú owó agbaṣẹ́ṣe mú. Ní ọjọ́ ìfilélẹ̀, kí wọ́n pe òṣìṣẹ́ kan láti ìjọba ìbílẹ̀ tí ó jìnnà, ẹni tí kò lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan, kí wọ́n gbé ìwé àlàyé lé e lọ́wọ́, kí akọkóòdù má sì sí nítòsí. Bí òṣìṣẹ́ náà bá lè ṣí ètò náà, kí ó lò ó, kí ó sì gbé e dìde nígbà tí ó bá wó, kí wọ́n sanwó. Bí kò bá lè ṣe é, kí agbaṣẹ́ṣe padà lọ kọ ọ́.