Àwòrán Ìlú Nínú Kọ̀ǹpútà: Ṣé Ó Lè Dáàbò Bò Wá?

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọ̀rọ̀ ààbò ni mo gbé wá lónìí.

Ṣé ẹ rántí Las Vegas? Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, 2017, ọkùnrin kan wà ní àjà 32 òtẹ́ẹ̀lì Mandalay Bay, ó ń yìnbọn sáwọn tó ń gbọ́ orin lódìkejì títì. Èèyàn 60 ló bá a lọ. Ní oṣù keje, 2024, ní Butler, Pennsylvania, orí òrùlé lẹni tó yìnbọn sí Donald Trump dùbúlẹ̀ sí. Òkè làwọn méjèèjì wà. Máàpù orí bébà lè fi títì hàn wá, àmọ́ kò lè sọ fèrèsé tó ríran dé pápá.

Ìdí nìyẹn táwọn ìlú ńlá fi ń ya àwòrán tó ní ìbú, òòró àti gíga. Ọkọ̀ òfurufú á fi iná lésà wọn gíga òrùlé, kọ̀ǹpútà á wá to gbogbo ẹ̀ pọ̀ bí ìlú gidi. Àwọn aláàbò lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ òrùlé tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ kí èrò tó dé.

Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í sábà mọ ohun tó wà nínú ilé tàbí lára ògiri. Iná Grenfell pa èèyàn 72 ní London ní 2017. Gbogbo ayé rí bí ilé náà ṣe ga tó. Ohun tí wọ́n fi bo ògiri ẹ̀, tó gbiná bíi koríko ìgbà ọyẹ́, ló ṣekú pani.

Ó kàn wá ní Britain gan-an. Martyn's Law di òfin ní oṣù kẹrin, 2025. Orúkọ Martyn Hett ni wọ́n fi sọ ọ́, ọ̀kan nínú èèyàn 22 tí bọ́ǹbù pa ní Manchester ní 2017. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí gbọ̀ngàn òde àríyá tó ń gba èèyàn 200 sókè gbọ́dọ̀ ní ètò bí wọ́n ṣe máa kó èrò jáde, tàbí tilẹ̀kùn dáàbò bò wọ́n. Ó kéré tán, ọdún 2 ni wọ́n fi sílẹ̀ ká fi múra.

Ìṣirò owó niṣẹ́ mi. Bí ẹnì kan bá wá ta àwòrán olówó ńlá fún ṣọ́ọ̀ṣì yín, ẹ bi í pé níbo lòfin ti béèrè ẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìjọba rà á fún ìgboro àti pápá ìṣeré. Owó ọrẹ kọ́ la ó fi rà á.

Ohun táwa lè ṣe rèé. Ta ló ń mú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn? Ṣé àga ò dí ọ̀nà? Ta ló máa ti màmá tó wà lórí kẹ̀kẹ́ jáde? Ẹ gbé e síwájú ìgbìmọ̀ yín nípàdé tó ń bọ̀. Kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa o.