ÌKÁNJÚ NI Ó BA Ẹ̀RỌ JẸ́, KÌ Í ṢE ỌWỌ́ ÒṢÌṢẸ́

Bí ẹ̀rọ bá dẹnu kọlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́, tàbí tí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà, ta ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè síwájú tábìlì ọ̀gá? Òṣìṣẹ́ ni. Wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ le, wọ́n á ní kò bojú tó iṣẹ́, wọ́n á sì fún un ní ìwé pé kí ó wá wí tẹnu rẹ̀. Nítorí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fẹ́ fi ìtàn ẹ́ńjìnnì alùpùpù kan ṣe àríkọ́gbọ́n lójú ewé yìí.

Ẹ́ńjìnnì náà ni èyí tí sílíńdà rẹ̀ méjì yà síra bí pàlàká igi, tí àwọn òyìnbó fi lẹ́tà V pè. Ilé-iṣẹ́ Harley-Davidson ti ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà ni òkìkí rẹ̀ kàn jù lórí rẹ̀. Ọdún 1903 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́; ní ọdún 1909 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ́ńjìnnì onísílíńdà méjì yìí jáde. Dígírì 45 ni wọ́n fi sí àárín sílíńdà kan àti èkejì.

Kí ló dé tí wọ́n fi yan pàlàká tóóró bẹ́ẹ̀? Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ó bá ààyè tí ó wà láàárín irin alùpùpù mu rẹ́gí. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì yọ sí ẹsẹ̀ ẹni tí ń gùn ún. Orí pínnì kan ṣoṣo lára kíráńkì ni ọ̀pá písítìn méjèèjì so mọ́, nítorí náà ohun tí a ó ṣe àti ohun tí ó lè bàjẹ́ kò pọ̀. Ó sì lágbára láti fa ẹrù láì jẹ́ pé ó ń sáré.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Ní dígírì 45, písítìn kan kò lè pa ìgbọ̀nrìrì èkejì tán. Ẹ́ńjìnnì náà á máa gbọ̀n, nọ́ọ̀tì á máa tú, ọwọ́ ẹni tí ó gùn ún jìnnà á kú tipiri. Sílíńdà ẹ̀yìn sá sábẹ́ ti iwájú, afẹ́fẹ́ kò fẹ́ ẹ tó, nítorí náà òun ni ó máa ń gbóná jù.

Àwọn mìíràn gbé tiwọn gba ọ̀nà míràn. Ní Ítálì, Fabio Taglioni ti ilé-iṣẹ́ Ducati la pàlàká náà sí dígírì 90. Ìgbọ̀nrìrì lọ sílẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì gùn, sílíńdà iwájú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀. Àwọn Moto Guzzi, ní Ítálì kan náà, dá tiwọn dúró ní ìbú lórí V7 ti ọdún 1967, kí afẹ́fẹ́ lè kan sílíńdà méjèèjì bákan náà. Ṣùgbọ́n bí o bá fún un níná lójú kan, alùpùpù náà á fẹ́ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Honda ti Japan gbé CX500 jáde ní ọdún 1978, dígírì 80, omi ni ó ń mú un tutù. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń fi alùpùpù gbé ìwé kiri ní London fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ láyé ọdún 1980 síwájú, nítorí kò ní ṣéènì ẹ̀yìn tí a ó máa fi ọ́ìlì pa lójoojúmọ́. Síbẹ̀ ó wúwo, ohun tí ń fún ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì fa wàhálà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Kò sí èyí tí kò ní lẹ́mọ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí lẹ́mọ wà, tí ó sì ń tọ́jú rẹ̀, ni ẹ̀rọ yóò bá pẹ́.

Níbo wá ni nǹkan ti bàjẹ́ fún Harley-Davidson? Ní ọdún 1969, ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AMF rà á. Àwọn olówó tuntun yìí fẹ́ kí ọjà pọ̀. Láàárín ọdún mẹ́rin, iye alùpùpù tí ń jáde lọ́dún lọ sókè gan-an. Ní ọdún 1973 wọ́n kó iṣẹ́ àtòpọ̀ lọ sí ìlú York ní Pennsylvania, ṣùgbọ́n Milwaukee ni wọ́n ṣì ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kó o rìn ju 1,000 kìlómítà lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ti gbó, iye tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ sì ń lọ sókè. Ẹ mọ ohun tí ó tẹ̀ lé e. Alùpùpù tuntun ń jo ọ́ìlì sílẹ̀. Àwọn kan jáde láìpé, àwọn tí ń tà á ní láti tún un ṣe kí wọ́n tó lè fi lé oníbàárà lọ́wọ́. Àwọn oníbàárà yí sí ti Japan. Àwọn kan ní ẹ́ńjìnnì náà ti di ti àtijọ́. Àwọn mìíràn ní òṣìṣẹ́ ya ọ̀lẹ.

Ní ọdún 1981, ọ̀gá mẹ́tàlá nínú ilé-iṣẹ́ náà ra á padà lọ́wọ́ AMF. Kò rọrùn. Ní ọdún 1982 wọ́n dá nǹkan bí òṣìṣẹ́ mẹ́rin nínú mẹ́wàá dúró. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí kò pàṣẹ ìkánjú ni ó kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ní ọdún 1983 ìjọba Amẹ́ríkà fi owó orí kún alùpùpù ńlá tí ó ń ti òkèèrè wọlé, kí ilé-iṣẹ́ náà lè mí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi wà nínú ilé. Wọ́n kọ́ òṣìṣẹ́ láti máa wọn iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, wọ́n ní kí ó sọ̀rọ̀ nígbà tí ohun kan bá wọ́. Wọn kò kó irin jọ gègèrè mọ́. Ohun tí iṣẹ́ bá fẹ́ lásìkò náà ni wọ́n ń mú wá, kí èyí tí kò dára lè tètè hàn. Fún ọdún 1984 ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n pè ní Evolution jáde. Wọ́n fi alumíníọ̀mù, tí ń tètè lé ooru jáde, ṣe ara sílíńdà tí ó jẹ́ irin tẹ́lẹ̀, wọ́n sì dí ojú ibi tí ọ́ìlì ń gbà jò. Orúkọ wọn padà bọ̀ sípò.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Dígírì 45 kò yí padà. Pínnì kan ṣoṣo kò yí padà. A kò sọ pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ nìkan ni ó ṣe é. Irin tuntun àti ọgbọ́n àwọn ẹnjiníà kó ipa tiwọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìrísí ẹ́ńjìnnì ni ó ní ẹ̀bi, kò yẹ kí ó sàn nígbà tí ìrísí kò yí padà. Bí ó bá sì jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ni ọ̀lẹ, kí ló dé tí iṣẹ́ fi dára nígbà tí wọ́n gbà á láàyè láti sọ̀rọ̀? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ẹ̀ka wa ń béèrè. Èkíní, kí ìwé tí dírẹ́bà àti òṣìṣẹ́ ń kọ àléébù ẹ̀rọ sí má jẹ́ ìwé àpamọ́. Kí ẹni tí ó bá gbà á fọwọ́ sí i, kí ó sì kọ ọjọ́ tí a óò ṣàtúnṣe. Èkejì, kí a má ṣe fi kún iye iṣẹ́ láìjókòó bá àwọn tí ń ṣe é. Ẹ̀kẹta, kí a má fún ẹnikẹ́ni ní ìwé ẹ̀sùn lórí ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́, àyàfi tí a bá ti kọ́kọ́ yẹ ìwé ìtọ́jú ẹ̀rọ náà wò níwájú aṣojú ẹgbẹ́.

Àwa náà ní ẹ̀tọ́ láti ṣe. Ẹni tí ó rí ọ́ìlì tí ń kán, tí ó fi ẹsẹ̀ nù ún tí ó kọjá, ti gba ọ̀gá láyè láti di ẹ̀bi rù ú. Ẹ wò ó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!