Ojú Ọ̀run Lórí Kìríkìrì

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láìfara kan ara. Ẹyẹ ni wọ́n wí. Wọn kò wí hẹlikópítà. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ òfurufú ńlá bá gba ìhà òkun wá balẹ̀ ní Ìkẹjà, òkè Àpápá àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Nísàlẹ̀ wọn ni Ajégúnlẹ̀ wà, níbi tí ilé fara ti ilé, àti Kìríkìrì pẹ̀lú àwọn tánkì epo ràgàjì-ràgàjì. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kò ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kankan, síbẹ̀ ewu rẹ̀ kàn wọ́n.

Èkó ti rí irú ewu yìí rí. Ní ọjọ́ 7 oṣù November, 1996, ọkọ̀ òfurufú ADC tí ó ń ti Port Harcourt bọ̀ yà kúrò lọ́nà kí ó má baà kọlu òmíràn. Ó yà jù, apá awakọ̀ kò ká a mọ́, ó sì já lulẹ̀ lẹ́bàá Ẹ̀jìnrìn. Gbogbo ènìyàn inú rẹ̀, tí wọ́n lé ní 140, ni ó kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ méjèèjì kò tilẹ̀ kan ara.

Ẹ̀rọ kan wà tí a ń pè ní TCAS. Bí onílé tí ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lóru ti í béèrè pé, “Ta nì yẹn?”, bẹ́ẹ̀ ni ó ń bi ọkọ̀ tí ó wà nítòsí léèrè. Ẹ̀rọ adáhùn inú ọkọ̀ kejì yóò sọ bí òun ti ga tó. Bí ewu bá sì súnmọ́, TCAS yóò pàṣẹ kí awakọ̀ gòkè tàbí kí ó sọ̀kalẹ̀. Àjọ ICAO sọ ọ́ di dandan fún ọkọ̀ elérò tí ó lè gbé ju ènìyàn 19 lọ, àti èyí tí ìwúwo rẹ̀ ju kílógíráàmù 5,700 lọ. Òfin náà kò mú ọkọ̀ kéékèèké àti hẹlikópítà.

Ọkọ̀ tí kò bá sì dáhùn, tàbí tí ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe òótọ́, ẹ̀rọ náà kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù September, 2015, ọkọ̀ kan tí ń gbé aláìsàn kọlu Boeing 737 ti ilé-iṣẹ́ Ceiba ní òfurufú Senegal. Ẹsẹ̀ bàtà 34,000 ni a ní kí ó máa fò, Boeing wà ní 35,000. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń wọn gíga nínú ọkọ̀ kékeré náà ń ṣìnà. Boeing gúnlẹ̀ ní Malabo. Èkejì bọ́ sínú òkun pẹ̀lú ènìyàn 7.

A mọ̀ pé àwọn olówó ọkọ̀ yóò kígbe pé owó rẹ̀ pọ̀. Ní Switzerland, láti ọdún 2004, àwọn tí ń fò nínú ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì pàápàá ti ní àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní FLARM, tí ń sọ ibi tí olúkúlùkù dorí kọ fún ẹnìkejì. Lóòótọ́, ẹni tí ó bá ní irú rẹ̀ nìkan ni ó ń gbọ́ ọ. Nítorí náà ni kò fi yẹ kí a fi í sílẹ̀ fún ìfẹ́-inú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó rí owó ra hẹlikópítà kò lè sọ fún wa pé òun kò rí owó ra ìkìlọ̀.

A ń bẹ àjọ NCAA kí ó sọ ẹ̀rọ ìkìlọ̀ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ tí ń fò lórí Èkó, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Kí ó máa yẹ ẹ̀rọ adáhùn àti ẹ̀rọ tí ń wọn gíga wò lóòrèkóòrè. Kí ó sì máa tẹ iye àwọn tí wọ́n kùnà jáde lọ́dọọdún, kí ará Kìríkìrì lè kà á.