Ẹni Tí Ó Gba Owó Ilé Ni Ó Ni Ọ̀ràn Ilé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bí ọmọ ọ̀ràn ni í pọ̀n ọ́n. Òwe yìí kò bá ọ̀pọ̀ onílé lára mu. Bí owó ilé bá tó gbà, ilé ní baba. Ṣùgbọ́n bí àtẹ̀gùn ilé kan náà bá já, tí ó sì ṣẹ́ ayálégbé lẹ́sẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni ilé di ọmọ òrukàn. "Àmúwá Ọlọ́run ni," ni onílé yóò wí. Àwọn aládùúgbò yóò gbè é lẹ́yìn, wọn yóò máa bẹ ẹni tí ó farapa pé kí ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Àwáwí tí ó yẹ kí a kọ̀ pátápátá nìyí, nítorí pákó tí onílé rí pé ó ń jẹrà láti ọdún mẹ́ta, tí kò pààrọ̀ rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ kí a wo Rumuodara ní Obio/Akpor, ní Port Harcourt. Ní èdè Ikwerre, "Rumu" tí ó ṣíwájú orúkọ náà túmọ̀ sí ọmọ tàbí ìran, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń pe ará agboolé kan ní ọmọ Lágbájá. Nínú agboolé bẹ́ẹ̀, bí kànga bá là sílẹ̀ láìní ìdérí, ọmọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ ni ó kọ́kọ́ wà nínú ewu. Ṣùgbọ́n epo rọ̀bì ti kó èrò láti ibi gbogbo wá sí Port Harcourt, ilé sì ti di ọjà. Onílé lè máa gbé ní ìlú mìíràn, kí aṣojú máa bá a gba owó. Ewu kànga ti kúrò lọ́rùn ọmọ onílé, ó ti bọ́ sọ́rùn ọmọ ayálégbé. Ohun tí ìbátan ń ṣe tẹ́lẹ̀, òfin ni ó kù tí yóò ṣe é.

Òfin kò sì dákẹ́. Ní 1957, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé ẹni tí ilé wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ìtọ́jú tí ó bójú mu, kí àlejò tí ó bá ẹ̀tọ́ wọ ibẹ̀ má baà farapa. Irú òfin bẹ́ẹ̀ wọ ìwé òfin Èkó ní 1961. Ohun tí òfin ń wò ni ẹni tí ó ní àṣẹ lórí ibi tí ewu wà. Inú yàrá lè wà ní ìkáwọ́ ayálégbé. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti kànga tí gbogbo ilé jọ ń lò, ìkáwọ́ onílé ni wọ́n wà.

Àwọn kan yóò ní òfin yìí yóò mú kí onílé máa sanwó fún gbogbo ẹni tí ó bá kọsẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1966, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà dá ẹjọ́ ọkùnrin kan tí ó ṣubú kú lórí àtẹ̀gùn ilé ọtí kan ní Great Yarmouth. Irin ìdìmú kò dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn náà, gílóòbù kò sì sí níbẹ̀. Àwọn adájọ́ ní ilé-iṣẹ́ tí ó ni ilé àti alábòójútó tí ń gbé inú rẹ̀ ni wọ́n jọ ni ojúṣe. Síbẹ̀ wọn kò dá wọn lẹ́bi, nítorí wọn kò rí àìbìkítà lọ́wọ́ wọn. Ìtọ́jú ni òfin ń béèrè. Kò ní kí onílé mọ ọ̀la.

Nígbà tí ilé alájà méje tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní GRA ní Port Harcourt ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ìjọba Ìpínlẹ̀ Rivers gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí dìde. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ìgbìmọ̀ dìde nítorí obìnrin kan ṣoṣo tí ó fi ẹsẹ̀ ṣẹ́ lórí àtẹ̀gùn ní Rumuodara? Ilé-ẹjọ́ nìkan ni ìgbìmọ̀ tirẹ̀, "fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run" ni a sì fi ń dí i lọ́nà ibẹ̀.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba yàrá lẹ́yìn ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ ìwé sí onílé nígbà tí àtẹ̀gùn bá ti ń mì, kí ó sì pa ẹ̀dà ìwé náà mọ́. Kí olùkọ́ tí ó kọ́ ilé ayálégbé tún tirẹ̀ wò. Ìdáríjì dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dárí ji onílé láìjẹ́ pé onílé tún àtẹ̀gùn ṣe, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni ó fi tọrẹ.